Lẹ́tà gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn: Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò àwọn ibùdókọ̀ rélùwéè wa kí wọ́n tó wó

Sí Ọmọọba Dàpọ̀ Abíọ́dún,
Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn,
Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta.

Ọlọ́lá jùlọ,

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Kò gba owó rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò gbogbo ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ tó wà nílẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí, láti ìhà Agbádó títí dé Láfẹ́nwá, pẹ̀lú ti ẹ̀ka tó yà ní Ìfọ̀ lọ sí Ìlarò àti Ìdógò. Kí á sì yà wọ́n dáadáa débi pé ẹni tó bá fẹ́ tún wọn kọ́ lọ́la yóò rí ohun tó máa tẹ̀ lé.

Ojú irin àtijọ́ yẹn ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìdó ní Èkó ni àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Nígbà tó dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá ṣì ń ṣèjọba ara wọn, àfi ìgbà tí àdéhùn ilẹ̀ wáyé kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1901, Gómìnà Èkó ìgbà náà, William MacGregor, ṣí i dé Ìbàdàn. Kò gba àárín ìlú Ọ̀tà. Ìhà Ìjokò ló gbà. Ọdún gbọọrọ ni àwa ará Ṣàngó, Ìjokò àti Agbádó fi wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, tí inú ọkọ̀ á kún àkúnya, tí àwọn mìíràn á jókòó sórí òrùlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló kàwé nínú owó iṣẹ́ tí ọkọ̀ yẹn gbé òbí wọn lọ ṣe.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé rélùwéè nígbà náà, sà. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí náà ilé fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ. Àjà ga kí ooru lè gbéra lọ sókè. Etí òrùlé yọ síta kí òjò má bàa bá èrò tó ń dúró de ọkọ̀. Fèrèsé kọjú síra kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá. Àwa tí à ń kọ́ ilé bíi páálí lónìí, tí a sì ń ra jẹnẹrétọ̀ láti fi tù ú, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá ṣiyèméjì, kó lọ wo Jaekel House ní Èbúté Mẹ́tà. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún un ṣe ní 2010, fọ́tò àtijọ́ ti rélùwéè sì wà lára ògiri rẹ̀. Ní Dakar, ibùdókọ̀ tí àwọn Faransé kọ́ ni wọ́n tún ṣe, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ ojú irin TER ti ń gbéra báyìí.

Tiwa ńkọ́? Ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 fẹ̀ ní mílímítà 1435 láàárín irin méjì. Ti àtijọ́ jẹ́ 1067. Ọkọ̀ ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Inú mi dùn sí ti tuntun o, ṣùgbọ́n láti Agbádó, Kájọlà ló kàn. Ọkọ̀ rẹ̀ kì í dúró ní Ìjokò, kì í dúró ní Ìfọ̀. Ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìjọba Èkó náà, Agbádó ló parí sí. Ibi tí ọkọ̀ kì í dúró sí mọ́, kì í pẹ́ tí páànù á fi ṣí, tí wọ́n á yọ ilẹ̀kùn lọ, tí ṣọ́ọ̀bù á fara ti ògiri. Bẹ́ẹ̀ Ṣàngó-Ọ̀tà ń gbòòrò, ilé-iṣẹ́ ń wá ilẹ̀, èèyàn ń wá ibi tí wọ́n máa gbé. Bí wọ́n bá tún fẹ́ fa ọ̀nà irin mìíràn wọ ọ̀dọ̀ wa lọ́la, katapílà kò ní béèrè ọjọ́ orí ilé kó tó wó o.

Ohun tó ń dí àwa ayàwòrán lọ́wọ́ jù ni àṣẹ. Bí èèyàn bá gbé kámẹ́rà jáde lẹ́bàá ojú irin, ẹ̀ṣọ́ á dé: ta ló ní kí ẹ máa ya ibí? N kò bá wọn jà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn agbésùnmọ̀mí ju bọ́ǹbù sí ọ̀nà ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn lọ. Ẹ̀ṣọ́ tó bá rántí ìyẹn kò jẹ̀bi bó bá béèrè ọ̀rọ̀. Ìwé àṣẹ ojú ewé kan, tó ní orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí a fẹ́ yà, á tu ẹ̀ṣọ́ nínú, á sì tu àwa náà nínú.

Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ fọ́tò Nàìjíríà ayé ìjọba òyìnbó, Kew ní London ni wọ́n wà. Ní 2011 ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dúpẹ́ pé wọ́n tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá àwọn tó yà wọ́n fẹ́ rí ni wọ́n yà. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ fún èrò ọkọ̀, ẹni tó ń gbé àsíá pupa àti àsíá àwọ̀ ewé sókè, ọmọ tó ń gba ìwé ọkọ̀, a lè yà wọ́n fúnra wa.

Agbára wà lọ́wọ́ yín, sà. Láti oṣù Kẹta ọdún 2023, àtúnṣe ìwé òfin ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ náà ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè. Àwọn tó lè bá wa ṣe é náà wà nítòsí: Yunifásítì Covenant àti Bells, tí méjèèjì wà l'Ọ́tà níbí, ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Kí wọ́n wọn ògiri, kí àwa ya fọ́tò. A ó dúró gangan níwájú ògiri kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá ìwọ̀n á wà nínú fọ́tò. A ó ya bí igi òrùlé ṣe wọnú ara wọn, àti orúkọ àwọn tó rọ irin ojú ọ̀nà náà, èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí a gba ohùn àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rélùwéè sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn ló mọ yàrá wo ni ti kí ni.

Ẹ kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ Nigerian Railway Corporation kí wọ́n fún wa ní ìwé àṣẹ yẹn. Ẹ ní kí iléeṣẹ́ àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́ ti ìpínlẹ̀ bójú tó iṣẹ́ náà, kí wọ́n pàtẹ fọ́tò náà ní June 12 Cultural Centre ní Abẹ́òkúta, kí ẹ̀dà kan sì wà láwọn ilé-ìwé Ìjokò àti Ìfọ̀. Ẹ jẹ́ kí Ìjokò àti Ìfọ̀ ṣáájú, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìmọ́lẹ̀ dára, kí gbogbo rẹ̀ sì parí kí sáà yín tó pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2027.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ayàwòrán kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà