Àlòkù Gìtá àti Ohùn Kambolé

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Òwe yìí kò bú ẹni tí ń ra tuntun. Ohun tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ni ó ń yìn. Oyè tí ọba ń jẹ kì í ṣe tuntun. Ìjókòó tí ó jókòó lé, ẹlòmíràn ti jókòó lé e kí ó tó kàn án. Ìlù tí ń kí i ti kí baba ńlá rẹ̀. Ìyàlẹ́nu ni, nígbà náà, pé bí ọ̀rọ̀ bá di ti gìtá oníná fún àwọn ọ̀dọ́ Kambolé, àwọn kan náà tí ń fi ọ̀wọ̀ fún ogún a máa wí pé tuntun ni kí wọ́n rà, àwọn mìíràn a sì wí pé kí wọ́n má rà á rárá.

Èrò méjèèjì ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ tún wò. Àlòkù gìtá tí ojú tó mọ̀ ọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì tún ṣe ní Sokodé tàbí ní Tchamba, wúlò fún ìlú ju tuntun olówó pọ́ọ́kú tí kò sí ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Gìtá nìkan kọ́ ni owó náà yóò rà. Yóò ra iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí kò fẹ́ gìtá ṣáájú. Wọ́n ní kì í ṣe ohun ààfin. Òtítọ́ ni: ilé iṣẹ́ Rickenbacker ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ta gìtá oníná ní 1932, kò sì sí baba ńlá kankan tí ó fi í kí ọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, gìtá oníná pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé kalẹ̀ bíi tábìlì tí wọ́n ń fi irin yọ́ lórí okùn. Síbẹ̀ dùndún kò kúrò ní ipò rẹ̀. Òun ni ó ń sọ̀rọ̀, gìtá ń dá a lóhùn. Àjèjì tí ó mọ ìwà a máa rí àyè jókòó nínú agbo.

Ìdí mìíràn tún wà fún Kambolé. Àwọn onímọ̀ èdè ka èdè Kambolé àti ti Manigri, ní òdìkejì ẹnubodè ní Benin, sí ẹyọ kan ṣoṣo láàrin àwọn èdè Nago. Èdè olóhùn ni. Ọ̀dọ́ tí ó bá mọ bí oríkì ìdílé rẹ̀ ṣe ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ lè fi okùn gìtá tẹ̀ lé e. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, gìtá tí owó rẹ̀ wọ́n jù lọ ní ayé kò ní kọ́ ọ. Nítorí náà kì í ṣe gìtá ni ewu tí ó dojú kọ ogún. Ewu náà ni kí gìtá dé, kí ó má sì rí ọ̀rọ̀ Kambolé kan sọ.

Bí ọjà bá yá, ọgbọ́n ni kí wọ́n fi rà. Ọrùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, nítorí òun ni àtúnṣe rẹ̀ le jù. Kí olùrà gbé gìtá sókè bí ọdẹ tí ń wo ọfà bóyá ó tọ́, kí ó sì wo ibi tí orí ti pàdé ọrùn bóyá ó ti là rí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kí ó tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí gbogbo irin tí ó dábùú ọrùn. Ibi tí ohùn bá ti ń kùn bí oyin, ó lè jẹ́ pé irin ibẹ̀ ti jẹ tàbí pé ọrùn ti tẹ̀. Kí ó so ó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè kí owó tó kúrò lápò. Bọ́tìnì tí ń ha nígbà tí wọ́n bá yí i lè jẹ́ eruku lásán. Ọ̀dà tí ó bó lára kì í ṣe àlébù.

Ní ti àtúnṣe, àwọn onílù ti fi ọ̀nà hàn. Bí awọ dùndún bá ya, onílù kì í sọ igi rẹ̀ sínú iná. Yóò fi awọ mìíràn bò ó, yóò sì tún ọsán rẹ̀ fà. Ìlù kan náà ni, orúkọ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe fún gìtá. Okùn tuntun ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni egungun kékeré tí okùn gbà kọjá nísàlẹ̀ orí: bí ó bá jẹ́ rọ́bà tí ó ti jẹ, egungun màlúù tí wọ́n gbẹ́ dáadáa sàn jù ú lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́ tí ń yí okùn. Ìgbẹ̀yìn ni ohun tí àwọn alátùn-únṣe ń pè ní micro: òòfà tí wáyà bàbà wé, tí ń mọ̀ bí okùn irin ṣe ń gbọ̀n lókè rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi micro olówó gọbọi sí orí ọrùn tí ó wọ́ ti kun ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò.

Ojú ọjọ́ àti iná náà ní tiwọn. Nígbà ọyẹ́, igi ọrùn a gbẹ, a súnkì, etí àwọn irin a yọ síta, a sì máa gé ni lọ́wọ́. Nígbà òjò, igi a tún wú. Irin gígùn kan wà nínú ọ̀pọ̀ ọrùn gìtá tí wọ́n fi ń tọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yí i, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iná Tógò jẹ́ fólítì 220, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ọmọ ìlú tí ó bá fi ẹ̀rọ agbóhùnsókè ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà láì bèèrè èyí lè fi èéfín ránṣẹ́.

Lionel Loueke, ọmọ Cotonou, ti ròyìn pé nígbà tí òun ń kọ́ gìtá ní ilé, òun a máa fi ọtí kíkan fọ okùn kí ó lè pẹ́, bí ó bá sì já, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni òun fi ń rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bá Herbie Hancock ṣeré káàkiri ayé. Àwọn ènìyàn a máa fi ìtàn yìí yin sùúrù, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ìbéèrè fún ẹgbẹ́: mélòó nínú àwọn tí wáyà bíréèkì gé lọ́wọ́ ni ó ti jáwọ́, tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ wọn?

Ohun tí ó yẹ kò pọ̀. Kí àwọn ọmọ Kambolé tí ó wà ní Lomé àti lókè òkun dẹ́kun fífi ohun dídán ránṣẹ́. Okùn, òjé ìjówáyà àti irinṣẹ́ ni kí wọ́n máa fi ránṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ ra gìtá kan ṣoṣo, kí ó sì san owó fún alátùn-únṣe kan ní Sokodé kí ó kọ́ ọ̀dọ́ méjì níṣẹ́. Kí wọ́n ní ìwé tí wọn yóò máa kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá pààrọ̀ lára rẹ̀ sí, àti orúkọ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn ọ̀la lè mọ ìtàn rẹ̀.

Ní ti ààfin, ètò rẹ̀ rọrùn. Kí ìlù kọ́kọ́ kí ọba. Bí ó bá kí i tán, tí ọba sì ti jókòó, kí gìtá wọlé, kí ó sì dáhùn ní èdè Kambolé.