Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Ẹ Bá Wa Ṣí Lábù Àwọn Ọmọ Wa ní Bàríga

Sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti Girama, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹni ọ̀wọ̀,

Tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ni àwa òbí àwọn ọmọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì nílé ìwé girama ìjọba kan ní Bàríga fi kọ ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣí lábù àwọn ọmọ wa, kí ẹ sì fún wọn ní tíṣà físíìsì.

Ó ti pẹ́ tí àgádágodo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lábù náà. Téèyàn bá yọjú lójú fèrèsé, àpótí ìjókòó ni yóò rí tí wọ́n tò léra wọn, eruku bò wọ́n. Orí pátákó ni tíṣà kẹ́místírì ti ń ya búrẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ á sì yà á sínú ìwé. A ò bá a wí, ó ń gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ práktíkà WAEC, búrẹ́ẹ̀tì gidi ni wọn yóò gbé síwájú wọn.

Èmi tí wọ́n ní kí n bá wọn kọ ọ́, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ọmọbìnrin mi tó wà ní SS 2 máa ń dúró tì mí nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord. Ó bi mí ìdí tí íǹkì fi ń mú ibi tí lẹ́tà wà nìkan. Mo ní epo ló wà nínú íǹkì, omi ló wà níbi tó ṣófo, àwọn méjèèjì kì í sì í bára wọn rẹ́. Mo ní omi ọ̀hún gbọ́dọ̀ kan díẹ̀, bí ásíìdì. Bó bá ṣì, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní, "Dádì, báwo lẹ ṣe ń mọ bó ṣe kan tó?" Inú lábù tí wọ́n tì pa yẹn ló ti yẹ kó rí ìdáhùn. Ọmọ yìí kan náà ti ń sọ pé òun fẹ́ bọ́ sí kíláàsì áàtì. Áàtì kò burú o, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù práktíkà kọ́ ló yẹ kó gbé ọmọ débẹ̀.

Láìsí físíìsì àti kẹ́místírì, kò sí ọ̀nà sí iṣẹ́ dókítà, apòògùn tàbí ẹnjiníà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa: Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Àkókà, nítòsí wa níbí. CMS Grammar School, tó wà ní Bàríga lónìí, ni Herbert Macaulay lọ kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà nílùú Ọba, tó sì padà dé ní 1893.

Bí owó irinṣẹ́ kò bá tíì sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. A ó gbálẹ̀, a ó kun ògiri, àwa òbí tó jẹ́ atẹ̀wé yóò tẹ ìwé práktíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Tíṣà físíìsì nìkan lapá wa kò ká.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn Òbí Kíláàsì Sáyẹ́ǹsì, Bàríga.