Owó Ìlera: Ṣé Orúkọ Àrùn Ni Kí A Máa Bèèrè?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ jẹ́ kí àwa ará Ìròlú fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín. Ẹ fi ojú inú wo ìyá méjì lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ìwòsàn kan ní Rẹ́mọ wa. Ọmọ ti èkíní ní kòkòrò apa-sójà-ara. Ọmọ ti èkejì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Èkíní gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí láti ọdún 2006 ni ìjọba ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀, owó Amẹ́ríkà ni ó sì gbé e ró jùlọ. Èkejì tú ìdí aṣọ rẹ̀, owó kò pé, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilẹ̀ kan ní ayé tí a ti ń bí àwọn ọlọ́mọ́ àrùn yìí tó ti Nàìjíríà. Àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. Àwọn olówó ni ó kọ ebè náà.

Àwọn kan yóò wí pé owó tí a yà sọ́tọ̀ fún àrùn kan ni ó ń ṣẹ́gun àrùn. Wọn yóò tọ́ka sí sòbìyà, tí ó mú ènìyàn tí ó ju 600,000 lọ ní ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1988, tí a sì jẹ́rìí ní 2013 pé ó ti tán. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ó lé sòbìyà lọ? Omi mímọ́ ni, àti aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi. Kànga kì í bèèrè àrùn tí ń ṣe ẹni tí ó wá pọn omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014, àwọn òṣìṣẹ́ tí a ti kọ́ nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ wà lára àwọn tí ó dojú kọ ọ́, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta. Irú owó bẹ́ẹ̀ tọ́, nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Èyí tí àwa kọ̀ ni owó tí a tì mọ́ inú orúkọ àrùn kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró. Ní oṣù kejì, ìjọba wa fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà fún oògùn kòkòrò náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gba oògùn lẹ́nu aláìsàn, apànìyàn ni. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ìjọba lè rí owó nígbà tí ó bá fẹ́.

Ní Abújà ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí 15 nínú 100 owó ìnáwó wọn fún ìlera. Títí di òní, ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì mú un ṣẹ ní ọdún kan ṣoṣo. Òfin ìlera ti 2014 pàṣẹ pé kí a ya ó kéré tán 1 nínú 100 owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú tí ó kan tilé-toko. Kí èyí kọ́kọ́ pé ná, kí ó sì dé ìletò, kí a tó máa dárúkọ àrùn.

Ọkùnrin adágún Bẹtẹ́sídà dùbúlẹ̀ ní ọdún méjìdínlógójì nítorí kò ní ẹni tí yóò gbé e sínú omi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ó di aṣòfin àti oníṣègùn lọ́la, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá kejì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.