Ẹ Má Tíì Ta Ògbólógbòó Ẹ̀rọ Náà

Ọ̀ràn kan wà tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò kí ó tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí ẹ̀rọ ìgérin bá ti dàgbà, ohùn tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ ni pé, “Ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà, ẹ tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kí á ra tuntun.” Èmi kò fara mọ́ èrò yìí, ìdí rẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀rọ tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin ń pè ní mílíìnì. Irin mímú kan a máa yí lókè rẹ̀; tábìlì tí a de iṣẹ́ mọ́ a sì máa lọ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún àti sósì lábẹ́ rẹ̀, bí oníṣẹ́ ti ń fi ọwọ́ yí ọ̀pá onísukurú tí ń tì í. Irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ìlú Bridgeport, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1938, ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí pé irin dídà tí ó nípọn ni ara rẹ̀, kì í sì í gbọ̀n lábẹ́ iṣẹ́. Irú ìwúwo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń rí rà ní owó pọ́ọ́kú.

Bí a bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa darí rẹ̀, a kò ní wó o palẹ̀. A ó yọ ọwọ́ tí a fi ń yí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kúrò, a ó sì fi ẹ̀rọ oníná kékeré rọ́pò rẹ̀. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ a máa gbé ìṣísẹ̀ 200 kí ó tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyípo kan bá ti tábìlì ní mìlímítà 5, ìṣísẹ̀ kan kò ju ẹyọ kan lọ nínú mìlímítà kan tí a pín sí ọ̀nà 40. Ètò LinuxCNC, tí ó ti ọwọ́ NIST, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀ràn ìwọ̀n, ṣẹ̀ wá, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìdarí yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní àbùlẹ̀ aláìní. John T. Parsons ti Michigan, tí ń ṣe apá tí ń yí lórí hẹlikópítà, ni ó rò ó pé a lè fi nọ́ḿbà darí ẹ̀rọ ìgérin. Ní 1949 Ẹgbẹ́ Ọmọ-Ogun Òfuurufú Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ náà fún un, ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT sì bá a lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀rọ tí MIT fi han aráyé ní 1952 kì í ṣe àrọdá tuntun: mílíìnì Cincinnati Hydro-Tel ni, èyí tí a yí ìdarí rẹ̀ padà kí ó lè máa tẹ̀ lé ihò tí a lu sára ọ̀já bébà. Àkọ́bí ìran náà pàápàá, àtúnṣe ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ mi gbé wúwo nìyí. Ọ̀pá ògbólógbòó ẹ̀rọ a máa ní àyè díẹ̀ láàárín òun àti nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí a bá yí i padà, yóò kọ́kọ́ lọ lásán kí tábìlì tó mira. Àgbà oníṣẹ́ mọ èyí ní ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo dé ojú àmì. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Àfi bí ẹni tí ó mọ̀ bá sọ pé kí a fi ọ̀pá tí ọta irin róbótó ń yí nínú nọ́ọ̀tì rẹ̀ pààrọ̀ ti àtijọ́, iṣẹ́ yóò wọ́. Àgbà náà ni yóò sọ pẹ̀lú bí ojú ọ̀nà tí tábìlì ń gbà bá ti jẹ. Kọ̀ǹpútà kò lè sọ wíwọ́ di títọ́.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àtúnṣe yìí yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àgbà oníṣẹ́. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ihò kan ni a fẹ́ lu, ọwọ́ àgbà yóò parí rẹ̀ kí ọ̀dọ́ tó kọ àṣẹ rẹ̀ tán. Bí ó bá sì jẹ́ àádọ́ta tí ó gbọ́dọ̀ bára mu, tàbí èyí tí ó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe é láì ṣàárẹ̀. Ẹni tí ó bá lé àgbà lọ ni yóò sọ èrè méjèèjì nù.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́: kí ẹ tó fọwọ́ sí títa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ pe àgbà oníṣẹ́ irin kan àti ọ̀dọ́ kan tí ó mọ iná àti kọ̀ǹpútà, kí wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ara rẹ̀ bá ṣì dá, ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún un ṣe lábẹ́ ojú àwọn méjèèjì, kí wọ́n má sì gbàgbé bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ láti dá a dúró lójijì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun tí a rà ní dídì, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè ṣí, ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́ ni a ó tún ránṣẹ́ sókè òkun. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọmọ wa fi ọwọ́ ara wọn tú, tí wọ́n sì tò, àwọn náà ni yóò tún un ṣe.