Ó Ti Ṣẹ̀wọ̀n Ẹ̀ Tán, Kí Lẹ Tún Ń Fẹ́?

Ó ń yà mí lẹ́nu pé àwa Yorùbá la ń sá fún ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé. Awólọ́wọ̀ jáde lẹ́wọ̀n ní 1966. Nígbà tó fi máa di 1967, òun ló ń bójú tó owó Nàìjíríà. Ọbásanjọ́ jáde ní 1998, ó di ààrẹ ní 1999. Ẹ máa ní ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyẹn, wọn ò jalè. Mo gbà. Àmọ́ adájọ́ ti dá ẹjọ́ ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń sá fún yìí, ó sì ti ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀ tán. Ta ló wá fi ìyá ìjọ ṣe adájọ́ kejì?

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó ń dùn mí jù rèé. Ẹni tó ti ń lo heroin kó tó wọ ẹ̀wọ̀n, tí kò rí i lò níbẹ̀, ara ẹ̀ ò lè gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Tó bá jáde tó lo ìwọ̀n yẹn, èémí ẹ̀ lè dá. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló léwu jù, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an la sì ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ máa wò ó ná." Kí lẹ fẹ́ wò? Naloxone wà tí wọ́n ń fín sí imú, ó lè mú kó tún máa mí, àmọ́ ẹni tó ti dákú nínú yàrá tó dá wà ò lè fín in fún ara ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní èèyàn nítòsí.

Ìjọba ibí pàápàá, bó ṣe lọ́ra tó un, ti mọ̀ pé kò dáa kí wọ́n máa tú èèyàn sílẹ̀ ní Fúráìdé, nígbà tí kánsù ti fẹ́ pa ìlẹ̀kùn dé, tí kò sí dókítà títí di Mọ́ńdè. Wọ́n ṣòfin sí i ní 2023. Àwa ńkọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé oúnjẹ ní Peckham, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fẹrù ránṣẹ́ sílé, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní àyẹ̀wò tiẹ̀, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fojú fò ó. Àmọ́ ẹni tó máa gún iyán (ẹ̀rọ ló kúkú ń gún un báyìí), kí ni ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn níbẹ̀? Tí ẹ̀wọ̀n ò bá ju ọdún kan lọ, tó sì ti pé ọdún kan tó parí láìtún dẹ́ṣẹ̀, òfin ní kò pọn dandan kó sọ ọ́ mọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin òyìnbó ti gbàgbé, ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí ò gbàgbé!

Tẹ́ ẹ bá ní yàrá kan tó ṣófo, ẹ tètè sọ fún ìyá ọmọ náà, kó tó di ọjọ́ tó máa jáde.