Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ẹni tó ń ti Bẹẹrẹ bọ̀ yóò dé Ọjà'ba. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó yóò dé ibẹ̀. Èmi tí ilé wa wà ní Bẹyẹrúnkà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn débẹ̀. Kò sí ẹni tó dúró sójú ọ̀nà tó ń wo irú bàtà tí a wọ̀ kó tó jẹ́ ká wọlé. Ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn tí wọ́n fi ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àmọ́ ọjà kan ti dé láyé òde òní tí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ̀ ọ́. Ọjà orin orí fóònù ni. Àwọn kan níbẹ̀ á ta orin fún ọ, wọn á gba owó rẹ, wọn á sì ní inú ẹ̀rọ tí àwọn fúnra wọn ṣe nìkan ni o ti lè gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí o bá ra ẹ̀rọ ẹlòmíràn, orin rẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Mo lòdì sí i. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé orin tí ènìyàn bá fi owó rẹ̀ rà gbọ́dọ̀ lè bá a lọ sínú ẹ̀rọ yòówù tó bá wù ú, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi agbára òfin ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti rí i. Ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa.

Télọ̀ ni Bàbá àgbà mi kí ojú wọn tó di bàìbàì. Bí wọ́n bá ń ránṣọ, orin ni wọ́n fi ń ṣe ẹlẹgbẹ́: awúrèbe Dáúdà Epo Àkàrà àti orin Tátàlọ́ Àlàmú. Báàgì kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn títí dòní. Bàbá máa ń sọ pé Ọjà'ba ni àwọn ti ra púpọ̀ nínú wọn. Wọn á gbọ́ ọ nílé, wọn á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọn á tún yá ọ̀rẹ́ wọn kan ní Bẹẹrẹ. Rédíò yòówù tí wọ́n bá kì í bọ̀ ló ń kọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì kì í béèrè orúkọ ẹni tó ṣe rédíò.

Nígbà tí téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í já, Bàbá ń fún ọmọkùnrin kan tó ní kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ọjà ní ₦500 kí ó lè bá wọn da orin sí mẹ́mórì káàdì. Èmi ni mo dá a dúró. Wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì pé iṣẹ́ ọpọlọ ní olówó orí, pé ẹni tó bá dà á kọ láìgbàṣẹ jalè ni. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tó ń bá yín da orin yẹn kò san kọ́bọ̀ fún àwọn tó kọ ọ́ tàbí fún àwọn ọmọ wọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́ akọ̀wé! Ó dáa, bá mi ra èyí tí kò lẹ́jọ́ nínú."

Ilé ìtajà orin kan wà nínú fóònù Bàbá láti ọwọ́ àwọn tó ṣe fóònù náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Owó tí àwọn ọmọ wọn fún wọn nígbà ọdún Iléyá ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, mo sì ra orin mẹ́rìnlá. Inú Bàbá dùn débi pé wọ́n ń sọ fún àlejò pé, "Tèmi kì í ṣe jíjí o. Owó ni mo san."

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, fóònù bọ́ sínú bàsíà omi. Àbúrò bàbá mi fi òmíràn ránṣẹ́ láti Èkó, àmọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Mo wá ilé ìtajà náà títí nínú fóònù tuntun, n kò rí i. Mo kọ̀wé sí wọn. Èsì wọn kò ju ìlà méjì lọ: irú fóònù tiwọn nìkan ni orin náà ń bá ṣiṣẹ́, kí oníbàárà tún ra irú rẹ̀.

Mo ka èsì náà fún Bàbá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé mo rà á ni, àbí wọ́n yá mi?"

N kò rí nǹkan kan sọ. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n fún àbúrò mi ní ₦500, wọ́n ní kó lọ bá ọmọkùnrin ẹ̀bá ọjà. Bí mo ti ń kọ àròkọ yìí, orin jíjí ló ń dún nínú fóònù Bàbá. Èyí tí wọ́n sanwó rẹ̀ ti bá omi lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí. Àwọn tó ń fi àgádágodo ti orin sọ pé nítorí olè ni. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n tì í mọ́? Olè kò tilẹ̀ mọ̀ pé àgádágodo wà níbẹ̀. Ẹni tó sanwó nìkan ló ń kọ lù ú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹjọ́ ilé kan ní Bẹyẹrúnkà ni mo sọ di ẹjọ́ ayé. Àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó jù wá lọ ti jà á ṣáájú wa. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà gbé iPod jáde, ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè fi sápò tí yóò máa kọrin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, wọ́n ṣí ilé ìtajà orin iTunes, wọ́n ń ta orin kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ǹtì 99. Wọ́n fi àgádágodo kan tí wọ́n ń pè ní FairPlay ti orin náà. Orin tí ènìyàn bá rà níbẹ̀ kì í kọ nínú ẹ̀rọ àfisápò tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe. iPod náà kì í sì í gba orin tí ọlọ́jà mìíràn bá fi àgádágodo tirẹ̀ tì. Ní 2004, ilé-iṣẹ́ RealNetworks wá ọgbọ́n kan tí orin tiwọn fi lè kọ nínú iPod. Kò pẹ́ tí Apple fi tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe tí ilẹ̀kùn náà fi tì padà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, àwọn oníbàárà gbé Apple lọ sílé ẹjọ́ ní Kalifọ́níà. Kò ṣòro láti lóye ẹ̀sùn wọn. Bí ènìyàn bá ti ra igba orin, yóò ṣòro fún un láti ra ẹ̀rọ ẹlòmíràn, nítorí igba orin náà yóò ṣòfò. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iye tó bá wù ú ni yóò dá lé e, nítorí oníbàárà rẹ̀ kò lè lọ síbòmíràn. Ìdíje tó ń mú kí ọlọ́jà dín owó kù, tó sì ń mú kí ó ṣe dáadáa sí oníbàárà, ti kú nìyẹn. Ní 2006, aláṣẹ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè sọ pé àdéhùn iTunes tako òfin wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Faransé jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà.

N kò ní fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, àwọn ọmọ ìlú mẹ́jọ tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ Kalifọ́níà dá Apple láre. Wọ́n ní àtúnṣe tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ rojọ́ mú kí ẹ̀rọ náà dára sí i ni. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí lè sọ pé, "Ṣé o rí i, ilé ẹjọ́ ti parí rẹ̀." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ìdájọ́ náà tó dé. Ní oṣù kejì ọdún 2007, Steve Jobs tó jẹ́ ọ̀gá Apple kọ̀wé pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe àwo orin ló ní kí àwọn lo àgádágodo, pé bí wọ́n bá gbà, inú òun yóò dùn láti yọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ EMI gbà lọ́dún náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, Apple kéde pé gbogbo orin iTunes yóò bọ́ lọ́wọ́ àgádágodo. Ǹjẹ́ ọjà wọn wó? Ní oṣù kejì ọdún 2013, wọ́n kéde pé orin tí àwọn ti tà ti pé bílíọ̀nù 25.

Nílé níbí pàápàá, inú fóònù TECNO ni Boomplay ti wọ Nàìjíríà ní 2015. Kì í ṣe òun ni ilé ìtajà tí mo rojọ́ rẹ̀ lókè o. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ó ṣílẹ̀kùn fún fóònù àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn náà, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kógbá sílé.

Nígbà tí mo sọ èrò yìí ní kíláàsì, olùkọ́ wa bi mí pé, "Bí a bá ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ni olórin yóò jẹ?" Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà kò fẹ́ kí ebi pa olórin, torí rẹ̀ ni mo ṣe ní kí Bàbá ra orin. Àmọ́ ẹ wo Bàbá àgbà mi. Wọ́n gbà láti sanwó, wọ́n san án, wọ́n sì kábàámọ̀. Ṣé wọn yóò tún san án mọ́? Olórin pàdánù oníbàárà kan lọ́jọ́ yẹn, ọmọkùnrin ẹ̀bá ọjà ló jèrè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn kórìíra orin jíjí gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orin rírà sàn jù ú lọ.

Àwọn mìíràn á ní ìwọ̀nba oṣù ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ báyìí, pé yíyá ni, kì í ṣe rírà. Kò burú. Yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn ń gbé ilé ẹlòmíràn bí ayálégbé. Ṣùgbọ́n kò sí onílé tó ń kọ ọ́ sínú rìsíìtì ayálégbé pé ó ti ra ilé. Bí ó bá jẹ́ yíyá, kí wọ́n kọ "yá" síbi tí à ń tẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "rà" síbẹ̀, kí ó jẹ́ rírà.

Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe ní Nàìjíríà? Irú rẹ̀ ti ṣeé ṣe rí. Tẹ́lẹ̀, bí ènìyàn bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan, nọ́ńbà rẹ̀ yóò ṣòfò. Nítorí nọ́ńbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn fara mọ́ ìyà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, àjọ NCC jẹ́ kí nọ́ńbà lè bá ènìyàn lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Bí nọ́ńbà bá lè bá mi lọ, kí ló dé tí orin tí mo rà kò fi lè bá mi lọ?

A tún ní òfin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà. Òfin náà kọ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó ti gba ọjà mọ́ra láti lo agbára rẹ̀ nílòkulò, títí kan kí ó ní òun kò ní ta ohun tí ènìyàn fẹ́ àfi tó bá ra nǹkan mìíràn tí kò kan ohun tó wá rà. Àjọ náà kì í ṣe ajá tí kò léyín. Ní oṣù keje ọdún 2024, ó bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta lórí nítorí ọwọ́ tí WhatsApp fi mú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà fọwọ́ sí ìtanràn yẹn. Àjọ tó lè bá Meta wọ̀jà lè bá àwọn tó ń ta orin sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, mo ń béèrè ohun mẹ́ta. Kí àjọ náà pàṣẹ pé orin tí a bá tà gbọ́dọ̀ lè kọ nínú ẹ̀rọ yòówù. Kí wọ́n fi òfin de kíkọ "rà" sára ohun tó jẹ́ yíyá. Kí ilé ìtajà tó bá fẹ́ palẹ̀ mọ́ tàbí tó kọ̀ láti bá oníbàárà dé inú ẹ̀rọ tuntun dá owó rẹ̀ padà. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa béèrè kí ẹ tó sanwó: "Bí mo bá pààrọ̀ fóònù ńkọ́?" Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, àwa là ń bá àwọn òbí wa tẹ fóònù. Ẹ má jẹ́ ká máa tẹ "mo gbà" sí ohun tí a kò kà. Èmi náà kò kà á, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń dùn mí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wà nínú ọjà yìí: aṣòfin, adájọ́, àjọ ìjọba. Mo ti sọ tèmi. Bàbá àgbà mi ṣì ń retí èsì ìbéèrè wọn, n kò sì fẹ́ sọ fún wọn pé wọ́n yá wọn ni.