Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Àkáǹtì Ìsọ̀ Yín?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, orí ara mi ni mo ti kọ́ ọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ni mò ń bá wí.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí náírà tí a ń fọwọ́ kà wá di ohun àwátì. Oníbàárà tí kò bá lè ṣe tránsífà, ńṣe ló ń kọjá lọ. Ìgbà yẹn ni púpọ̀ nínú wa pa fóònù onítọ́ọ̀ṣì tì, tí a sáré ra fóònù ńlá, tí a ní kí ọmọ wa tàbí ọmọ ìtajà bá wa ṣí àkáǹtì sórí rẹ̀: òmíràn fún owó, òmíràn fún kíkọ ọjà tí a tà àti àwọn tó jẹ wá ní gbèsè.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni mò ń tà, àwọn olóńjẹ sì máa ń gbé àpò lọ́dọ̀ mi ní àwìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi tajà ló wá áàpù kan tí a fi ń ṣírò ọjà, ó sì forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè nọ́ńbà fóònù, tirẹ̀ ló tẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n ní kó yan páswọ́ọ̀dù, òun nìkan ló mọ èyí tó yàn. Èmi ni mo ní, "Ìwọ ṣáà ṣe é kíákíá, oníbàárà ń dúró."

Ọdún kan ààbọ̀ la fi lò ó, ó sì wúlò púpọ̀. Nígbà tó yá, ọmọ rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, mo súre fún un, ó lọ. Kò pẹ́ sígbà náà, fóònù mi já sómi, mo ra òmíràn. Mo ṣí áàpù, ó ní kí n fi páswọ́ọ̀dù wọlé. N kò mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́ pé mo ti gbàgbé, wọ́n ní àwọn ti fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sórí fóònù. Fóònù ta ni? Ti ọmọ yẹn. Síìmù rẹ̀ sì ti sọnù lọ́nà, kò lè gbà á padà, nítorí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n fi rà á, kò sì rí ọ̀rẹ́ náà mọ́. Mo pe àwọn tó ni áàpù, wọ́n ní orúkọ tó wà lọ́wọ́ àwọn kì í ṣe tèmi.

Ẹ gbọ́ o! Ọjà mi, owó mi, gbèsè tí wọ́n jẹ mí, orúkọ mi ò sí ńbẹ̀. Àwọn olóòótọ́ mú owó wá fúnra wọn. Àwọn kan ní àwọn ti san. Kí ni mo fẹ́ fi bá wọn jiyàn?

N kò dá ọmọ lẹ́bi. Ọmọ ò jalè, ọmọ ò purọ́. Èmi ni mo gbé kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ mi fún un láì bèèrè òmíràn. Ohun tó wá yé mi ni pé páswọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù tí a fi forúkọ sílẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ tó lè rọ kọ́kọ́rọ́ tuntun. Kọ́kọ́rọ́ lè sọnù, kò burú. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń gbọ́ràn sí ẹlòmíràn lẹ́nu, ẹni yẹn ló ni ìsọ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣé n ò wá fọkàn tán ọmọ mi ni?" Ẹ jọ̀ọ́, ṣebí àwọn ìyá wa náà fọkàn tán alájọ? Síbẹ̀, káàdì àjọ wà lọ́wọ́ wọn nílé. A máa ń yin ẹni tí orí rẹ̀ pé pé ó dà bí Alájọ Ṣómólú, tó ń gba àjọ láì kọ ọ́ sílẹ̀ tí kì í sì í ṣi ẹnikẹ́ni mú. Fóònù kì í ṣe Alájọ Ṣómólú. Kò mọ ojú yín, kò mọ oríkì yín. Nọ́ńbà ló mọ̀.

Àwọn mìíràn á ní, "Èmi ò kàwé, kí la fẹ́ ṣe?" Ta ni nínú wa tí kò mọ nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ lórí? Ẹni tó lè ka owó àpò mẹ́wàá ẹ̀wà lọ́kàn, tí kò ní ṣì í, ṣé nọ́ńbà mẹ́fà ni kò ní lè há sórí? Ẹ má ṣáà lo 1234, ẹ má lo ọdún tí wọ́n bí yín. Kí ọmọ tó ń ràn yín lọ́wọ́ fọwọ́ sẹ́yìn, kó máa fẹnu júwe, kí ẹ̀yin fi ìka ara yín tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó sì ní kí a padà sí ìwé lásán, mo gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná jó ní ọjà Balógun l'Ékòó ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ṣé iná máa ń yọ ìwé gbèsè sọ́tọ̀ ni? Ẹ lo méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù, kí ẹ sì dà á kọ sínú ìwé ní ìparí ọ̀sẹ̀.

Nọ́ńbà tí ẹ máa lò, kó jẹ́ tiyín gan-an, tí wọ́n fi NIN yín so. Láti oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so gbogbo síìmù mọ́ NIN. Àǹfààní rẹ̀ nìyí: bí wọ́n bá jí fóònù yín, ẹ lè lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ gba nọ́ńbà yín padà. Ẹ má sì lo síìmù tó ń sùn nínú dúrọ́ọ̀. Síìmù tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á; bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. Nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni tó pè yín, ì báà ní báńkì lòun ti ń pè.

Ọmọ ìtajà ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn áàpù yìí ló gbà kí olówó ọjà ṣí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀, ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ ó máa rí ohun tí ó tà àti ìgbà tó tà á. Ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ, ẹ ti ẹnu ọ̀nà yẹn, kò ní ìjà nínú. Òfin ààbò ìsọfúnni tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2023 pàápàá fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tí wọ́n kọ nípa wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ńbẹ̀ ló lè bèèrè.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn olóyè wa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyálọ́jà wa, mo kúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ wa náà ti ń kọ owó oṣù sórí kọ̀ǹpútà. Mo bi akọ̀wé wa, wọ́n sì sọ òtítọ́ fún mi: nọ́ńbà tiwọn ni wọ́n fi ṣí àkáǹtì náà. Wọn kò ṣe é láburú, ẹgbẹ́ ni kò fún wọn ní nọ́ńbà mìíràn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé á yí padà lọ́jọ́ kan, àìsàn wà, ìrìnàjò wà. Mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ ra síìmù tirẹ̀, kó wà lọ́wọ́ akápò. Kí olóyè mẹ́ta ní ẹnu ọ̀nà wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí oyè bá yí padà, kí wọ́n yí ti ẹnu ọ̀nà padà níwájú ìpàdé, kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Kí wọ́n sì yan àárọ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó kan, kí a tó ṣílẹ̀kùn ọjà, tí gbogbo wa á mú fóònù wá kọ́ ọ.

Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ bi ọmọ yín pé, "Nọ́ńbà ta lo fi ṣí i?" Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ jẹ́ kó yí i padà lójú yín nígbà tó ṣì wà nílé. Èmi ò bèèrè títí ó fi lọ.

Ọjà á tà o.